Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Kì í Súni: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí àwọn èèyàn ń fà mọ́ra níbi ìnáwó kì í sábà jẹ́ ẹni tó lówó jù tàbí ẹni tó kàwé jù níbẹ̀. Nǹkan méjì ló máa ń ní: ó ní ohun gidi tó lè sọ, ó sì fẹ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Méjèèjì ló ṣeé kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àbímọ́ ni ọ̀yàyà, pé bí Ọlọ́run ò bá ti fún èèyàn, ó parí nìyẹn. Àṣìṣe ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan súni ni pé àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ nìkan ló wá kù tó ń rí sọ: iṣẹ́ mi, ọ̀gá mi, orí tó ń fọ́ mi. Ẹ̀pẹ́ nìkan sì tó láti kún àpò náà fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kó o.

Oṣù mẹ́ta ni ká fi sọ́kàn, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́. Ẹ má dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìbéèrè, òwe, ìtàn àti orúkọ pọ̀ lọ́sẹ̀ kan, ẹnu rẹ̀ á di kò-ṣe-é-gbọ́, àwọn ará ilé á sì béèrè ohun tó ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ara yín

Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò kan pé ẹ fẹ́ fi fóònù gba ohùn ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀, kó sì gbà. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kò wúlò, torí ẹ ṣì ń rántí pé ẹ̀rọ ń gbọ́ yín. Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú bébà àti bíírò, kí ẹ tẹ́tí sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, kí ẹ sì ka nǹkan mẹ́rin: ìbéèrè tí ẹ bi ẹnìkejì, iye ìgbà tí ẹ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, iye ìgbà tó sọ tirẹ̀ tí ẹ sì sáré sọ ọ́ di tiyín, àti iye ìgbà tí ẹ sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ láìdánu dúró.

Bí ìbéèrè kò bá tó márùn-ún, ó kéré. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ pé àwọn ń ṣe. Ẹnìkan ní ibà ń ṣe ọmọ òun, a ní, "Ha, ti ọmọ tèmi lọ́dún tó kọjá ju bẹ́ẹ̀ lọ o." Inú rere ló ti wá, a fẹ́ kó mọ̀ pé a ti rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí ẹni náà gbọ́ ni pé a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ó kéré tán, kí tiyín tó wọlé.

Ẹ fi bébà náà pamọ́. Ní ìparí oṣù kẹta, ẹ tún gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni kan náà, kí ẹ fi iye tuntun wé ti àkọ́kọ́. Bí ìbéèrè bá ti lé ní mẹ́jọ, tí jíjá-lu-ọ̀rọ̀ sì ti dín sí ìdajì, iṣẹ́ náà ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìkíni tó bá ohun tí ojú rí mu

"Báwo ni?" nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ìkíni fún ipò gbogbo. Iṣẹ́ tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi han ẹni náà pé ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lanu. Ẹ kú ìkàlẹ̀ fún àwọn tó jókòó. Ẹ kú ìdúró fún ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ẹ kú ojú lọ́nà fún ẹni tó ń retí ẹnìkan, ẹ kú àfẹ́kù fún ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, ojú gbooro o fún ẹni tó ń dirí. Ẹ kọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ẹ sì lo márààrún kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ fi ohun kan tí ojú yín rí kún un: "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ọ̀bọ̀kún yìí mà tóbi o!" Kí ẹ wá dákẹ́. Àwọn tó ń kùnà níbí ni àwọn tí wọn kì í lè dákẹ́. Kí ìyá tó dáhùn, wọ́n ti sọ gbólóhùn mẹ́ta mìíràn.

Ara náà ń kíni. Ní Ẹ̀pẹ́, àgbàlagbà á wo orúnkún yín kó tó gbọ́ ohùn yín, nítorí náà ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀: ẹ lè wo ẹgbẹ́ yín lójú kòrókòró, ṣùgbọ́n bí ẹni tó jù yín lọ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wò ó, kí ẹ rẹ ojú sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa mi orí. Ìmọ̀ràn tó ń sọ pé ká máa tẹjú mọ́ gbogbo èèyàn kò wá láti ọ̀dọ̀ wa, àfojúdi ló máa ń jọ lójú àwọn bàbá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí sì ni ọ̀pọ̀ máa ń fò kọjá torí wọ́n rò pé ọgbọ́n ẹnu ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu tó dùn láìní nǹkan nínú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta náà, kó jẹ́ ohun tó wà nítòsí tí ẹ lè fojú rí, tí ẹ sì lè rí èèyàn bi léèrè. Ẹ jẹ́ ká fi ẹja ṣe àpẹẹrẹ, torí ọjà Olúwo wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kọ́ orúkọ ẹja mẹ́wàá pẹ̀lú ojú yín: àrọ̀, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún àti àwọn tó kù, títí tí ẹ fi lè dá wọn mọ̀ láìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi pa wọ́n: àwọ̀n, ìwọ̀ tàbí ìgèrè. Ẹ bi àwọn apẹja nípa ojú àwọ̀n. Ojú tó kéré jù ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá, èyí tí ì bá dàgbà kò ní dàgbà mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi: ojú rẹ̀ mọ́, ó sì yọ síta, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ ẹran ara rẹ̀, á padà sípò. Èyí tó ti pẹ́, ojú rẹ̀ á jìn wọlé, á sì ṣú, ibi tí ẹ tẹ̀ á sì kù bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja, kí ẹ wádìí ìdí tí wọn kì í fi jẹ́ kí iná pọ̀: iná tó pọ̀ á jó ẹ̀yìn ẹja nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, irú ẹja bẹ́ẹ̀ á sì bu kí ó tó pẹ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ kò mọ̀. Ẹni tó wá láti Ìbàdàn tàbí Òkè-Ògùn á sì fẹ́ gbọ́ ọ ju ọ̀rọ̀ òṣèlú tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ lórí rédíò.

Bí ẹja kò bá wù yín, ẹ lọ sínú ìtàn ìlú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá kúrò, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1854, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn níbí. Ní 1862 ló padà sí Èkó. Ibẹ̀ ni ìdí tí a fi ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, òun náà ló sì wà nídìí ọdún Kayokayo tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá. Ẹ bi àgbà méjì ní ìhà méjèèjì. Bí ẹnu wọn kò bá kò, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ẹni tó lè sọ pé, "Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ ní ìhà ibí, báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún," ni àwọn èèyàn á máa bi léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ jìnnà ju ìyẹn lọ lè lọ wo odi Súngbọ́, yàrà àti òkìtì ilẹ̀ àtijọ́, ní ìhà Èrèdò. Odi náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún bí 160 kìlómítà, ọ̀pọ̀ ló sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè lọ́jà ní òfin tirẹ̀. Ẹ lọ nígbà tí oníbàárà kò pọ̀. Ẹ ra nǹkan, ì báà kéré. Ẹ má yọ fóònù jáde kí ẹ tó gbàṣẹ, torí àwọn tó ń ya fọ́tò ọjà láìbéèrè ti mú kí àwọn ìyá máa fura. Ẹ má béèrè èrè tí wọ́n ń jẹ. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dùn láti sọ ìyẹn.

Lálaalẹ́, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé kékeré: ohun kan tí ẹ rí, ohun kan tí ẹ gbọ́ àti ẹni tó sọ ọ́, ìbéèrè kan tí ẹ kò tíì rí ìdáhùn sí. Ìlà kẹta ló níye lórí jù, torí òun ni ẹ máa gbé jáde lọ́la. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ka ìwé tàbí kí ẹ gbọ́ ètò kan lórí Radio Lagos 107.5, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ kà tàbí tí ẹ gbọ́ fún ẹnìkan, ní gbólóhùn mẹ́ta péré. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò ka nínú èyí. Gbogbo èèyàn ti rí i, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìbéèrè tó ti inú ìdáhùn jáde

Bí ẹ kò bá ní ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ, ẹ ṣe èyí. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde: àwọn tó ń béèrè púpọ̀, pàápàá ìbéèrè tó ti inú ìdáhùn ẹnìkejì jáde, ni àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ máa ń fẹ́ràn jù.

Ẹ wo bó ṣe máa ń kú:

— Bọ̀dá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?
— Mo ń kan ọkọ̀ ojú omi.
— Ó dáa o. Èmi, báńkì ni mo wà.

Ẹ wo bó ṣe lè wà láàyè:

— Mo ń kan ọkọ̀ ojú omi.
— Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé pákó kan ti gbẹ tó láti fi kàn án?
— Á, a máa ń gbá a lábàrá, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.
— Ohùn rẹ̀? Báwo ni ohùn èyí tí kò gbẹ ṣe ń rí?

Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju pé kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ gbé ìbéèrè lé e lórí. "Báwo", "nígbà wo lẹ kọ́kọ́" àti "kí ló fà á" ń ṣí ẹnu. "Ṣé" ń pa á dé, torí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa gbà. Ẹ ṣọ́ra fún "kí ló dé tí ẹ ò fi...", torí ẹ̀sùn ló máa ń jọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ á béèrè méje léra, ẹnìkejì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé kí ló ń wá. Lẹ́yìn ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi nǹkan kékeré tiyín sílẹ̀, kí ẹ tó padà sí tirẹ̀. Bó bá sì dákẹ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Àgbà a máa sinmi láàárín ọ̀rọ̀, ohun tó dára jù lọ sì máa ń wà lẹ́yìn ìsinmi yẹn.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò yẹ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà "ọmọ mélòó lẹ bí?" kò bójú mu. Owó oṣù, ìgbà tí ẹnìkan máa ṣègbéyàwó, ìdí tí ẹnìkan kò tíì fi bímọ: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. "Ilé ńkọ́? Gbogbo wọn le?" tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìtàn ìṣẹ́jú méjì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wàhálà wà. Ẹni tó ń sọ pé, "Ọjọ́ Túsìdeè ni, rárá, Wẹ́sìdeè ni, torí ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí ìpàdé, àbí ọ̀la rẹ̀ ni...", ti pàdánù àwọn tó ń gbọ́ ọ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ báyìí kò ní pàdánù ẹnikẹ́ni: "Ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ìtóìkín láago mẹ́wàá alẹ́, ìyàwó tuntun sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lára."

Kí ẹ tó lanu, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ gbólóhùn tí ẹ máa fi parí. Ẹ sọ ìtàn náà sínú fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹta nílé. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò: orúkọ àwọn tí kò ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀, ọjọ́, iye owó tí kò kan ọ̀rọ̀. Ẹ má sọ tẹ́lẹ̀ pé ó máa pani lẹ́rìn-ín, ẹ má sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bó bá tán, ẹ dákẹ́. Àlàyé lẹ́yìn ìparí ń ba ìtàn jẹ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dáa lọ. Ìtàn mẹ́fà tó dán tó oṣù mẹ́ta.

Òwe kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń lò ó, torí òwe tí kò bá ibẹ̀ mu ń dójú tini. Níwájú àgbà, ẹ fi "tótó, ó ṣe bí òwe o" parí rẹ̀, àwọn náà á sì ní, "Wà á rí òmíràn pa." Ẹ má pa ju ẹyọ kan lọ nínú ìjókòó kan.

Orúkọ àti ìrántí

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus ará Jámánì fi hàn pé ohun tí a kọ́ máa ń tètè ṣí kúrò lórí, àti pé títún un sọ ní àárín ìgbà sí ìgbà ló ń dì í mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ. Ẹ pè é padà lójú ẹsẹ̀, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó pínyà, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú ohun kan tó sọ: "ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò". Ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ bá tún pàdé, "Ìdánwò ọmọ yẹn ńkọ́?" á ṣe ohun tí ìyìn ogún kò lè ṣe.

Ẹ má pe àgbà lórúkọ. Bàbá, Ìyá, Alhaji, Alhaja, tàbí orúkọ ọmọ wọn ni. Oríkì bí Àkànní àti Àjọkẹ́ dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ju ẹni lọ ló ń fi pe ẹni. Ẹ lè fi pe àbúrò, ẹ má fi pe ẹni tó lè bí yín.

Àwọn ohun tó ń fọ́ ọ̀rọ̀

Fóònù lórí tábìlì, kódà bó dojú bolẹ̀. Inú báàgì ni kó wà. Ẹnu tó ń rùn: ẹ fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì fọ ahọ́n, torí ibẹ̀ ni òórùn pọ̀ sí. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tó ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ ọ tán.

Òfófó ń kó èrò jọ ní tòótọ́. Gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ náà ló ń rò ó pé ọjọ́ wo ló máa kan àwọn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ohun gidi fún yín mọ́. Ẹ yẹra fún un pátápátá. Ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè náà wúwo: ẹni tó ń ṣàròyé fẹ́ ká gbọ́ òun ni, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi í, "Ṣé ẹ fẹ́ ká jọ wá ọ̀nà sí i, àbí kí n kàn gbọ́?"

Fún àwọn tí ojú ń tì

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ kí èèyàn mẹ́ta tí ẹ kò mọ̀ lóòjọ́, kí ẹ sì kọjá lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ohun kan tí ojú rí kún ìkíni náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ béèrè nǹkan kan. Inú dánfó Ìjẹ̀bú-Òde dára fún èyí, torí ìrìn náà lópin, ẹ sì lè má tún pàdé ẹni náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ lọ sí ìpàdé àdúgbò tàbí àsàlátù, kí ẹ tètè dé. Ó rọrùn láti bá èèyàn mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ ju kí ẹ wọlé bá ogójì lọ. Bí ẹnìkan bá fún yín ní ìdáhùn kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì, tó sì gbójú sápá ibòmíràn, ẹ ní "ẹ kú ìsinmi o", kí ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Dídágbére

Ẹ kúrò nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn, ẹ má dúró dìgbà tí ẹnìkejì bá ń wo aago. Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn: ìdáhùn rẹ̀ á kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà, á máa sọ "ó dáa, ó dáa". Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń lọ ní gbólóhùn kan, ẹ mẹ́nu ba ohun kan pàtó tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ dá a lọ́jọ́ tàbí níbi tí ẹ lè tún pàdé bó bá wù yín lóòótọ́: "Mo fẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù, bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ pákó tí ẹ sọ yẹn, mo máa wá fi etí ara mi gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Sátidé, bí ẹ bá wà nídìí iṣẹ́." Bí Sátidé bá dé, ẹ lọ.